Ta Ni Ebi Ọpẹ́ Ń Pa?

Iṣu tuntun ti ń dé ọjà. Àsìkò ti tó tí àwọn ìlú kéékèèké máa ń ṣe ìpàdé lórí ọjọ́ tí ọdún yóò bọ́ sí, iye tí kálukú yóò dá, àti ẹni tí yóò ṣe kí ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi ló gbé ìbéèrè kan ka iwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ebi ọpẹ́ ń pa Olódùmarè ni? Ẹni tó ni ayé tó ni ọ̀run, kí ló fẹ́ fi 'ẹ ṣé' tèmi ṣe? Bí kò bá sì nílò rẹ̀, kí la wá ń náwó ọdún sí, nígbà tí ẹlòmíràn ò rí gàrí mu?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ẹni tí kò bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí lè máa jó lọ́dọọdún láìmọ ìdí tó fi ń jó. Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó lọ wo ìparí ẹsẹ Ifá mẹ́wàá tó ti mọ̀ dáadáa, kó fi ìbẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀ ná, kó wá sọ ohun tó bá rí fún mi. Ohun tí a jọ rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Gbogbo wa la mọ bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń rìn. Orúkọ awo tó dífá ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí wọ́n dífá fún, ohun tó ń dà á láàmú, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u àbí ó kọ̀, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti já sí ire, ijó àti ayọ̀ ló kù. Àwa tí à ń ki Ifá máa ń sáré kọjá ibẹ̀ torí pé ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ wo bí ìyìn ṣe ń lọ. Ẹni tí ire dé bá kì í gbójú sókè kó fi awo sílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Awo rẹ̀ ló ń yìn. Awo náà kì í jókòó lé ìyìn yẹn lórí. Ifá ló ń gbé e fún. Ifá pàápàá, ẹlẹ́rìí ìpín, kì í gbà á sápò. Ó ń gbé e lọ bá Olódùmarè.

Ètò wà ńbẹ̀ o. Ọpẹ́ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, bí igbá omi tí àwọn tó tò láti etí odò dé ojúlé ń nà síra wọn. Ẹnikẹ́ni ò sì fo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ fo awo kó lè tètè dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè, ọ̀nà tó gbà kò sí nínú ẹsẹ Ifá kankan tí mo kọ́.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ebi ọpẹ́ kò pa Olódùmarè. Òun ló ń gbà á kẹ́yìn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni mélòó ló ti yẹ kó jẹ nínú rẹ̀? Àwọn tó wà láàárín yẹn ni ebi rẹ̀ ń pa.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n Baba, awo ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù?" Ìbéèrè tó dára ni. Mo mọ ẹni tó máa ń sọ pé òun kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà, torí pé òun ti sanwó. Kò purọ́, ó ti sanwó lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ronú sí i. Kí ni owó yẹn san? Ohun tí ẹ jọ ná ló san: láti ibí dé ibẹ̀, iye báyìí. Ẹ kò ná sùúrù tó ní nígbà tí òjò mú yín lọ́nà. Ẹ kò ná bó ṣe rọra gba ibi kòtò kọjá nítorí pé ó rí i pé oyún wà nínú ìyàwó yín. Bákan náà ni awo tí a jí lóru nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Iye wà fún ẹbọ, iye wà fún iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dúnàádúrà lórí oorun tí awo kò sùn. Owó ni a fi ń san ohun tí a ná. Ohun tí kò ṣeé ná, ọpẹ́ ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí ẹni inú ẹsẹ Ifá, lẹ́yìn tó ti rúbọ tó sì ti sanwó, fi ń padà wá yin awo.

Òmíràn tún wà tó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú. Òwe wa ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Ọgbọ́n àtigba òmíràn ni ọpẹ́. Òwò ni." Mo gbà pé àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Ẹ̀yin náà mọ wọn: wọ́n á kí olówó ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, wọn ò sì ní kí ìyá tó bí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe yẹn sọ ni ohun tó máa ń tẹ̀lé ọpẹ́. Kò sọ pé torí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe máa dúpẹ́. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ á jẹ àkàrà, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ àkàrà ló ń dọ̀bálẹ̀ fún, ìyá á mọ̀. Ìyá máa ń mọ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kan nínú òwe náà: àná. Oore àná ni òwe ní ká dúpẹ́ rẹ̀. Nínú àṣà wa, bí ẹnìkan bá ṣe yín lóore lónìí, ẹ ó dúpẹ́ lónìí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ẹ ó tún jí lọ sílé rẹ̀ lọ sọ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Àwọn àjèjì máa ń béèrè ìdí tí a fi ń dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí oore kan. Ọpẹ́ ti òní, inú dídùn ló sọ ọ́. Ọpẹ́ ti ọ̀la ló fi hàn pé oorun kò gbé oore náà lọ. Ìrántí ni. Ọdún tí ìlú ń ṣe, "ẹ ṣeun àná" ńlá ni: gbogbo ìlú jí ní ọjọ́ kan láti sọ fún ara wọn pé àwọn kò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ẹ mú ọdún iṣu. Èèwọ̀ ni fún babaláwo láti jẹ iṣu tuntun kí Ifá tó jẹ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: iṣu ti wà lọ́jà, wọ́n ń sun ún ní ẹ̀gbẹ́ títì, òórùn rẹ̀ ń wọlé tọ̀ ọ́, o sì ń kọjá lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyà ni. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ ni. Láàárín ìgbà tí oúnjẹ dé iwájú ẹ àti ìgbà tí o gbé e sẹ́nu, àyè kan wà tí o fi lè béèrè pé ta ló gbé e dé ibí. Ìdúró yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ọpẹ́. Ẹni tí kì í dúró kì í béèrè.

Bẹ́ ẹ bá wá béèrè, ẹ ó rí ọwọ́ púpọ̀. Ẹni tó kọ ebè nínú oòrùn. Ọmọ tó bá a ru iṣu wálé. Àwọn obìnrin tó jí ní ìdájí tí odó wọn ń dún kí àwọn àlejò tó jí. Ẹni tó gbálẹ̀ ojúbọ. Onílù tí ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó ní ọjọ́ kejì. Àti aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí a ń pọnmi nínú kànga rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọdún. Ní Iléyá, ẹran àgbò rẹ̀ dé ilé wa. Ní Kérésìmesì, ìrẹsì dé láti ilé onígbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn wa. Ṣé iyán ọdún wa dé ilé wọn? Bí ẹnìkan bá ní òun ò jẹ nínú ohun tí a fi bọ Ifá, kò burú, kò sí ìjà ńbẹ̀. Mú iṣu tútù fún un, láti inú òkìtì tí a kò tíì fọwọ́ kàn, kó lọ sè é bó ṣe fẹ́. Ọwọ́ tó wà nínú ìlà náà ni, ẹ má fò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni gan-an nìyí. Ní ọdún tó kọjá ní ìlú kan tí mo mọ̀ dáadáa, wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé máìkì wá, wọ́n sì fún àwọn èèyàn pàtàkì ní àwọ́ọ̀dù. Ẹni tó di máìkì mú dárúkọ àwọn tó fowó sílẹ̀ títí oòrùn fi yí. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn pátápátá, tó jókòó lórí àpótí tó gbé wá láti ilé ara rẹ̀. Ìyá yìí ti ń gbálẹ̀ ojúbọ láti ìgbà tí púpọ̀ nínú àwọn tó ṣètò ọdún náà kò tíì sí láyé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tọdún yìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ó gbálẹ̀ o." Ìyá ní, "Ẹ lọ pe àwọn tí ẹ fún ní àwọ́ọ̀dù wá, kí wọ́n wá gbá a."

Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìyá ti ń ṣe àfojúdi. Ẹnìkan ní, "Ṣé torí àwọ́ọ̀dù ló ṣe ń sin òrìṣà ni? Ẹni tó ṣe oore kó má wo ẹ̀yìn."

Mo fẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà. Òótọ́ ni pé a máa ń gba oníṣe oore níyànjú pé kó má ka oore rẹ̀. A tilẹ̀ máa ń fi ṣàwàdà pé oore tí a ṣe fún adìyẹ kò gbé, bó pẹ́ títí, á ṣe omi tooro síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló ni ìmọ̀ràn yẹn? Ẹni tó ṣe oore ló ni ín. Ó lè fi tu ara rẹ̀ nínú lọ́jọ́ tí wọn kò bá dúpẹ́. Ẹni tó gba oore kò lè yá a lò. Bí mo bá jẹ ọ́ lówó, ìwọ lo lè sọ pé kí n máa gbé e lọ. Èmi kò lè dé ilé rẹ kí n sọ fún ọ pé ènìyàn rere kì í béèrè gbèsè.

Ifá ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Nínú Odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, a gbọ́ pé nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀run wá tún ayé ṣe, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọn kò pè é. Wọ́n ń pín iṣẹ́, wọn kò kà á kún. Lójú wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni iṣẹ́, òun kàn wà níbẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ṣe kò wá gún mọ́. Wọ́n rúbọ, ẹbọ kò dà. Ohun gbogbo dojú rú. Wọ́n gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Olódùmarè, wọ́n lọ fẹjọ́ sùn. Olódùmarè bi wọ́n pé obìnrin tí wọ́n jọ lọ ńkọ́? Ó ní kí wọ́n padà lọ bá a, kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi etí sí ohun tí Olódùmarè kò sọ. Kò ní kí Ọ̀ṣun ní sùúrù. Kò ní kó má wẹ̀yìn. Kò bi í pé ṣé torí ìyìn ló ṣe wá sáyé. Àwọn tó fò ó ló rán padà. Ẹ̀bẹ̀ náà kò sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn: wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́run tààrà, wọ́n rò pé ọ̀nà wà láti dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè láìgba ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣun. Kò sí. Ọ̀run fúnra rẹ̀ ló dá wọn padà sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹsẹ yìí ni mo kì fún ìpàdé náà, n kò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n rán àgbà méjì sí ìyá náà pẹ̀lú obì. Ó gbà á, ó ní kí wọ́n jókòó, ó fún wọn lómi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sọ bóyá òun ń bọ̀ wá gbálẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe owó ìgbálẹ̀. Bí kò bá wá, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò gbá a, wọ́n á sì mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń roni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọdún tó le. Ọmọ mi yẹn ní, "Bàbá, kí la fẹ́ dúpẹ́ fún?" Ẹlòmíràn sin ọmọ lọ́dún yìí. Òjò kò rọ̀ sí oko ẹlòmíràn lásìkò. Ṣé ká wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ohun gbogbo dára? Rárá o. Ọpẹ́ kò ní ká purọ́ lórí ọdún. Ẹ wo orúkọ tí a ń sọ ọmọ: Tèmítọ́pẹ́. Kò ní "mo ti ní gbogbo ohun tí mo fẹ́." Ó ní ohun tó wà lọ́wọ́ mi tó ohun tí a lè fi dúpẹ́. Èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ kí omi ṣì wà lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìṣirò ni ọpẹ́, ká ka ire, ká yọ ibi kúrò, ká dúpẹ́ lórí èyí tó kù, a jẹ́ pé ọdún mìíràn wà tí kò ní ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ wò ó, ọwọ́ kì í dínkù ní ọdún tó le. Ó máa ń pọ̀ sí i ni. Ẹni tó bá yín jókòó ní ọjọ́ tí ilé dá. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá láìjẹ́ pé ẹ pè é. Ẹni tó bá yín ro oko nígbà tí ara yín kò yá. Ní ọdún tó dùn, èèyàn lè rò pé agbára òun ni. Ọdún tó le ló ń fi ọwọ́ àwọn èèyàn hàn wá kedere.

Ní ti owó, ẹni tí kò rí gàrí mu kò gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè nítorí ọdún. Obì àti omi tútù, ọpẹ́ ni. Àdìmú kékeré, ọpẹ́ ni. Ìlú tó bá fi owó kánópì ra iṣu fún ilé opó mẹ́ta ti ṣe ọdún tó kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé inú yín ń dùn sí bí ayé ṣe ń gbọ́ nípa wa. Ẹ ń lọ sí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún Ifá ní oṣù kẹfà, ẹ ń bá àwọn ará Brazil àti Cuba jó. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, wọ́n sì fi sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ní 20 oṣù kẹjọ, àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ti ń fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ire ni gbogbo rẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba lè fún wa ní ìsinmi, kò lè bá wa dúpẹ́. UNESCO kò sì mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ ojúbọ ìlú yín. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí ọdún tiyín ṣe ń bọ̀ yìí, iṣẹ́ tí mo fún ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè ni mo fẹ́ fún gbogbo yín. Kí o tó fọwọ́ kan iyán, dárúkọ ẹni márùn-ún tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Orúkọ gan-an o, má sọ pé "gbogbo ènìyàn." Lẹ́yìn náà, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ọdún bá mọ́, jí lọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ lórí máìkì ni kó jẹ́. Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Bí o kò bá tiẹ̀ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, lọ. Olódùmarè lè dúró dè ọ́ títí ìwọ yóò fi débẹ̀.

Ọdún á yabo. A ò ní fi ikú ṣe ọdún, a ò ní fi àrùn ṣe é. Ẹni tó bá ṣe wá lóore, a ò ní gbàgbé rẹ̀.

Àbọrú, àbọyè. Ire o.